Owó Gbà-máà-bínú

Nígbà tí ayùn ńlá ilé-iṣẹ́ ìlagi gé ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi dànù láti ọrùn ọwọ́ láyé ìjọba òyìnbó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Yábàá ni, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Ní Ọ̀yìngbò tí à ń gbé, ọ̀mọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni, kì í ṣe ìbànújẹ́, torí inú mi kì í bàjẹ́ kí n má sunkún, ṣùgbọ́n omijé ò wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà mú ìwé wá sílé wa. Ó ní kí Bàbá tẹ̀ka sí i, kí ilé-iṣẹ́ fún wọn lówó, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kí wọ́n má tún béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Bí wọn ò bá tẹ̀ka lọ́jọ́ náà, ọ̀gá òyìnbó tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí nǹkan kan fún wọn mọ́.

Mo bi akọ̀wé bóyá òfin kan wà tó lè gbèjà wa. Ó wò mí tàánú-tàánú. "Òfin wo? Àánú ni ọ̀gá ń ṣe yín."

Bàbá ní, "Kí ni wọ́n ń pe owó ọ̀hún?"

"Owó gbà-máà-bínú ni, Bàbá."

"Ta ló bẹ̀ mí pé kí n máà bínú?"

Akọ̀wé na ìwé náà sí wọn.

"Bí ajá èèyàn bá bu ọmọ yín jẹ, ṣé kì í ṣe ẹni tó ni ajá ló ń wá dọ̀bálẹ̀? Ṣé ẹ wá bẹ̀ mí ni?"

"Háà, Bàbá! Èmi kọ́ ni mo ni ayùn. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Ẹ padà lọ bá ẹni tó ni ayùn, kó wá. Ẹ sọ fún un pé mo ṣì ń bínú."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Kí òyìnbó wá dọ̀bálẹ̀ ní Ọ̀yìngbò? Bàbá, ẹ̀fẹ̀ yín pọ̀."

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bàbá yíjú sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, ìwọ ńkọ́? Kí n gbà á, àbí kí n má gbà á?"

Tí mo bá ní kí wọ́n gbà á, èmi ni mo ta ọwọ́ tó rán mi níléèwé. Tí mo bá ní kí wọ́n má gbà á, èmi ni mo gbọ́dọ̀ bọ́ ilé, kí n sì bá wọn tọ́jú egbò tó ti ń rùn lábẹ́ aṣọ tí a fi dì í. Kí ni mo ní tí màá fi ṣe é? Mo fẹ́ kí wọ́n kọ̀, mo sì ń gbàdúrà kí wọ́n má kọ̀. Èmi kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

Ìyá mi ló jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ọwọ́ wọn ṣì tutù fún omi ìfọṣọ.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ gbà, ẹ máà bínú."

"Kí lo ṣe mí?"

"Ẹ ṣáà gbà."

Èmi náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwa méjèèjì tí a ò mọwọ́ mẹsẹ̀ là ń bẹ̀.

Bàbá fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìwé náà. Nígbà tí akọ̀wé na owó sí wọn, apá ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, bí gbogbo ọmọlúàbí ti í ṣe. Wọ́n rí i pé kò sí ọwọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ kejì.

"Ẹ máà bínú," Bàbá wí fún akọ̀wé, "ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á."