Ìkúnlẹ̀ Àbúrò Mi Níwájú Adájọ́

Nínú agboolé wa ní Ìgbógìlá, ọmọ tó bá ṣẹ̀ kì í ṣàlàyé kó tó kúnlẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, yóò ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú," lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà yóò tó bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ bi í mọ́, torí ẹ̀bẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Màmá mi ló máa ń sọ ọ́ jù: "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Bí àwa ọmọ bá jà, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní òun jẹ̀bi ni Màmá máa ń bu ẹran tó tóbi jù fún, ì báà jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n lù.

Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn wa, tètè mọ ẹ̀kọ́ yìí. Ó máa ń gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe kí ilé lè tòrò. Bí òjò bá pa láfún tí a sá, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ lo rọ òjò yẹn, àbí?" Òun náà yóò kúnlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, yóò ní, "Èmi ni, ẹ má bínú, mi ò ní rọ̀ ọ́ mọ́." Màmá yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó di ọlọ́kadà. Láàárọ̀, ó máa ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ìbèsè. Tí èrò bá ti dá lọ́sàn-án, ó máa ń gba ọ̀nà Ẹ̀gùá lọ, níbi ibodè, láti gbé ẹrù. Àwọn ọlọ́kadà ọ̀nà yẹn ní àṣà kan tí gbogbo wọn ń pa mọ́: wọn kì í bi oníbàárà ní ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìrẹsì, ó lè jẹ́ òróró, ó lè jẹ́ aṣọ òkírìkà tí wọ́n gbé wọlé láti ìlú kejì. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní puró bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá a dúró. Mo bi í rí pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé èmi ni kọ́sítọ́ọ̀mù ni? Ọlọ́kadà tó bá ń tú ẹrù oníbàárà wò, ebi ni yóò pa á kú."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sídìí gaàrí tí mò ń yan.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, obìnrin kan ní Ẹ̀gùá, tí àbúrò mi ti ń bá gbẹ́rù tipẹ́, ló pè é pé kó wá bá òun gbé àpò kan dé gáréèjì Ìlaró. Ẹnìkan yóò gbà á níbẹ̀. Àpò náà rọ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, aṣọ ni ó tẹ̀. Ó fi okùn rọ́bà dè é sẹ́yìn ọ̀kadà. Kó tó wọ Ìlaró, àwọn agbófinró kan dá a dúró lójú ọ̀nà. Kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù tó mọ̀ ni. Àwọn tó ń lé oògùn olóró kiri ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun kí wọn, òun ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi." Ọ̀kan nínú wọn la àpò náà. Aṣọ òkírìkà ló wà lókè lóòótọ́. Nísàlẹ̀ aṣọ ni igbó wà, wọ́n ki í mọ́ra bíi búrẹ́dì, wọ́n sì fi ọ̀rá àti téèpù wé e.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ni ó ṣe. Ó kúnlẹ̀ sójú títì, ó ní, "Mo jẹ̀bi, ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi." Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ pé òun kọ́ ló ni ẹrù náà. Wọ́n ní kó pe obìnrin náà lórí fóònù, kò gbé e. Wọ́n dé Ẹ̀gùá, wọ́n bá ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní títì pa. Àwọn aládùúgbò ní kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, yàrá ni ó háyà.

Ní ìlú wa, ẹnu ò ṣeé fi ọwọ́ bò. Àwọn kan ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé owó ọ̀kadà kọ́ ló fi ra tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí Màmá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀kan ní, "Màmá, èmi náà ti lè gbé e rí. Mi ò kàn mọ èwo ni." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìjọba yan lọ́yà kan fún un nítorí a ò lówó láti gba ọ̀kan. Ọmọbìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì tó bá rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ó pe èmi àti Màmá jókòó.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ohun tí òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ní igbó lọ́wọ́. Ọmọ yín ti sọ fún mi pé òun ò mọ̀. Tí wọ́n bá bi í, kó sọ pé òun ò jẹ̀bi. Àwọn tó pè é lẹ́jọ́ ni yóò wá fi hàn pé ó mọ̀."

"Ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ìwọ ọmọ yìí," ni Màmá wí. "Kó wá dúró kó máa wo ojú adájọ́, kó ní òun ò jẹ̀bi? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé mi ò kọ́ ọmọ mi nílé ni?"

"Màmá, adájọ́ kì í ṣe bàbá rẹ̀. Tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ ní òun jẹ̀bi, wọn ò ní bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó kù kí wọ́n sọ iye ọdún nìyẹn. Òfin sì fún wọn láyè títí dé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Adájọ́ kò bímọ ni? Àgbàlagbà wo ni ọmọdé máa kúnlẹ̀ fún tí kò ní ní kó dìde?"

Mo sọ fún Màmá pé kí a ṣe ohun tí lọ́yà wí. Ó yí sí mi. "Ìwọ tó kàwé," ó ní, "ìwé rẹ ni o fẹ́ fi pa á?"

Àbúrò mi ti bá lọ́yà ṣe àdéhùn. Ó ní òun yóò sọ ọ́ bó ṣe kọ́ òun. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ẹlẹ́jọ́ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́, Màmá ti dúró sẹ́bàá ògiri. Àbúrò mi ti rù, aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un, ṣùgbọ́n ó ti gé irun rẹ̀. Màmá ní, "Ọmọ mi, rántí bí mo ṣe kọ́ ọ. Má bá wọn jiyàn. Bẹ̀ wọ́n." Àbúrò mi mi orí pé òun ti gbọ́, wọ́n sì mú un lọ.

Wọ́n ka ẹ̀sùn náà ní èdè Òyìnbó. Ògbufọ̀ tún un sọ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ti sọ ohun kan náà láìmọye ìgbà: wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ní igbó lọ́wọ́ ní ọ̀nà Ìlaró, èyí tó lòdì sí òfin. "Ṣé o jẹ̀bi, àbí o ò jẹ̀bi?"

Àbúrò mi kò wo lọ́yà. Màmá ni ó wò. Ó sì kúnlẹ̀. Pákó ni wọ́n fi yí ibi tí ẹlẹ́jọ́ ń dúró ká, ibẹ̀ sì há, nítorí náà bó ṣe kúnlẹ̀ báyìí, a ò rí i mọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí igi nìkan ni mò ń rí. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: "Mo jẹ̀bi, olúwa mi. Ẹ ṣàánú mi."

Adájọ́ ní kó dìde. Kì í ṣe pé adájọ́ náà le. Ó ní kí ògbufọ̀ bi í bóyá ẹ̀sùn náà yé e. Àbúrò mi ní ó yé òun. Adájọ́ ní kó tún bi í bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú un tàbí ṣe ìlérí fún un. Àbúrò mi tún wo Màmá. "Rárá, sà," ó ní. "Èmi fúnra mi ni." Lọ́yà dìde, ó tọrọ àyè láti bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un láyè. Ó lọ bá a, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ó ń fi ìka gún pákó náà. Àbúrò mi ń mi orí pé rárá.

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ó ṣe é dáadáa," ó ní.

Nígbà tí lọ́yà bẹ̀bẹ̀ tán, tí wọ́n ti gbé àpò náà wá síwájú, adájọ́ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun rí i pé kò fi àkókò ilé ẹjọ́ ṣòfò, pé kò sì tíì ṣẹ irú ẹ̀ rí. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀nà ibodè ni irú ẹrù yìí ń gbà wọlé, ìjọba kò sì lè máa wò ó níran. Ó dárúkọ iye ọdún. Gbogbo ìyẹn, Màmá ń mi orí sí i bí ẹni tó gbà, torí kò gbọ́ èdè Òyìnbó. Ó ti ń tún ìró aṣọ rẹ̀ ró. Ohun tó ń dúró dè ni kí wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ dìde kó máa lọ sílé.

Ògbufọ̀ sì sọ ọ́: "Ọdún méje."

Màmá bi mí pé, "Ọdún méje kí ni?"

Mo rántí pé wọ́n ti ń pe orúkọ ẹlòmíràn, pé a ní láti dìde lórí bẹ́ǹṣì fún àwọn ẹbí ẹni náà.

Lọ́yà tẹ̀lé wa jáde. Màmá bi í bóyá a lè padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ní a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, tí adájọ́ sì bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣòro kó tó lè ní òun ò gbà mọ́. Kò bá Màmá wí. Ó kàn ní, "Ẹ rọra máa lọ, mà."

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gé ẹ̀gẹ́, ó ń sá láfún, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn èèyàn bá gbé ìjà wá kó bá wọn parí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, yóò ní orí ń fọ́ òun.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ já wọ ibi tí láfún wà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló wà nítòsí. Bó ṣe rí Màmá tó ń bọ̀ báyìí, ó kúnlẹ̀. "Màmá àgbà, mo jẹ̀bi, ẹ má bínú."

Màmá dúró. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo tú okùn ewúrẹ́ náà?"

"Rárá, mà."

"Ta ló tú u?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Kí ló dé tí o fi kúnlẹ̀?"

Ọmọ náà wo èmi, bí ẹni pé ó fẹ́ kí n sọ èsì tó tọ́ fún un. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí.

"Dìde," ni Màmá wí. "Mo ní kó o dìde nílẹ̀!" Ó kígbe débi tí ọmọ náà fi bú sẹ́kún. Màmá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ. Láfún náà wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí èmi fi gbá a. Nígbà tó jáde, ó ti yí gèlè rẹ̀ padà. Ó ní, "Mú mi lọ bá àbúrò rẹ."

Mo ní ó di ọjọ́ tí wọ́n ń gba àlejò. Ó jókòó sórí àpótí bó ti wà.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, a jókòó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, tábìlì wà láàárín wa, wọ́dà sì dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín nígbà tó rí wa, ó béèrè ọ̀kadà rẹ̀, ó béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀. Màmá tẹjú mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn?"

Ẹ̀rín náà lọ lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ ò bi mí rí."

"Mo ń bi ọ́ báyìí."

"Mi ò mọ̀. Òkírìkà ni mo pè é."

"Kí ló dé tí o fi ní o jẹ̀bi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n bẹ̀ wọ́n."

Màmá kò sunkún. Ojú rẹ̀ kàn dúró sójú kan, àbúrò mi sì rí i. Ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì náà. "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò bá ti—"

"Jókòó," ni Màmá wí. Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di èjìká aṣọ rẹ̀ mú. "Jókòó. Má sọ ọ́ mọ́."

Wọ́dà ní kó yọwọ́. Ó yọwọ́.

A ṣì ń lọ. Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ọ̀pọ̀ ọdún sì ṣì kù níwájú nínú méje yẹn. Mo máa ń gbé oúnjẹ dání, wọ́dà máa ń tọ́ ọ wò, a máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n Màmá kì í jẹ́ kí n ṣí i kó tó bi àbúrò mi ní ìbéèrè rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni nígbà gbogbo.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Mo gbọ́," ni Màmá yóò wí. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí n ṣí abọ́.