Ilé Adìẹ Tí Sìlífátù Kàn

Sìlífátù Akíntọ́lá kò kan ìṣó rí kó tó pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn: kó wẹ̀ wọ́n, kó fún wọn lóògùn, kó gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣe é ní Bronx. Torí náà, nígbà tí àwọn ará àdúgbò rí i ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, tó ń wọ́ pákó àwókù gba ojú títì University Heights bọ̀, wọ́n rò pé nǹkan ń ṣe é.

Ilé adìẹ ló fẹ́ kàn sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gbẹ́ni Johnson tó ni ilé kò bá a jà. Ó ní òfin ìlú gba abo adìẹ láàyè, akọ ni kò gbà nítorí ariwo, kí Sìlífátù sáà ti rántí òun tí ẹyin bá dé. Joanna, ọmọ Gánà tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi adìẹ ṣe nígbà tí ẹyin kún inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi fẹ́ràn adìẹ," ni Sìlífátù wí.

Ọmọ náà ni Hameedah, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó dé láti Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Láti ìgbà tó ti dé, inú yàrá ló ń jókòó sí. Láràárọ̀ á kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, á jẹun, á fọ abọ́, á dúpẹ́. Àlejò tó mọ ìwà hù ni. Lórí tábìlì rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ rẹ̀ wà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Sìlífátù kò fẹ́ kí ọmọ náà lò ó. Kò sì mọ bó ṣe máa sọ ọ́, nítorí kò mọ ọmọ náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, Bàṣírù ọkọ rẹ̀, tó ti wà ní New York, fi ìwé ránṣẹ́ pè é pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Físà mẹ́rin ló jáde. Ìyá Sìlífátù, obìnrin tó ń sin adìẹ ní Ìtọ̀kú ní Abẹ́òkúta, wo ẹrù tí wọ́n ń dì títí, ó ní, "Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Tí o bá kó gbogbo wọn lọ, o ò ní padà wálé." Sìlífátù kó Muhideen àti Mísbáù, ó fi Hameedah ọmọ ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ó ní ọdún kan péré ni.

Ọdún kan di méjì, físà ọmọ náà kú. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó lọ, owó ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin kò jẹ́, Bàṣírù ṣàìsàn, Bàṣírù kú. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ o: ìwé Sìlífátù pé, kò sí ọdún kan tí kò lè wọ bàálù. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ojú ń tì í sí i, ojú tó sì ń tì í náà ló ń dá a dúró. "Mò ń bọ̀" ló máa ń sọ lórí fóònù. Ọmọ náà á ní, "Ọjọ́ wo?" Ìró àwọn adìẹ ìyá àgbà á máa dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Nígbà tí Hameedah pé ọmọ ọdún méjìlá, kò béèrè ọjọ́ mọ́. "Ó dáa, Mọ́mì" ló kù tó ń sọ.

Ìyá àgbà kú lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín, Sìlífátù kò sí níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni físà tuntun tí wọ́n ti ń béèrè fún ọmọ náà láti ọ̀pọ̀ ọdún tó jáde.

Ohun tí Sìlífátù mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ kò ju ìró adìẹ yẹn lọ. Ohun tó mọ̀ náà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ra abo adìẹ pupa mẹ́rin lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Yonkers, ó sì kan ilé fún wọn. Ilé náà wọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé, wáyà tó fi yí i ká fẹ́lẹ́, òjò sì ń rọ̀ tààrà sínú ìtẹ́. Hameedah jáde wá wò ó, ó kí ìyá rẹ̀ kú iṣẹ́. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ kì í bú iṣẹ́ àgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n bá adìẹ kan ní òkú. Rakúùnù ló wá, ẹranko tó ń tú ààtàn kiri, tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó lé tìróò. Ó ti fa wáyà ya, ìyẹ́ adìẹ sì fọ́n ká gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Sìlífátù dúró níbẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń sunkún. Hameedah ká apá aṣọ tirẹ̀ sókè.

"Mọ́mì, wáyà yìí lè dá adìẹ dúró, kò lè dá ọ̀tá dúró. Ṣé ẹ ní ayùn?"

"Mo ní."

"Ẹ má lọ síbi iṣẹ́ lónìí."

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa ní kó ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti dé. Sìlífátù pe ọ̀gá rẹ̀, ó purọ́ pé inú ń run òun.

Wọ́n tú ilé náà palẹ̀. Hameedah gbé e ga lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ra wáyà tó nípọn, ó ri etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká kí ẹnikẹ́ni má bàa gbẹ́ ihò wọlé. Ó kan ìkọ́ méjì mọ́ ilẹ̀kùn, ó ní ẹranko tó ní ìka bí èèyàn, ìkọ́ kan kò tó o. Sìlífátù ló ń di pákó mú. Ó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì Hameedah rẹ́rìn-ín. Ká ní Sìlífátù mọ̀ ni, ì bá ti lu ọwọ́ ara rẹ̀ tipẹ́.

Ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í wá nínú oṣù Kẹfà. Láràárọ̀, kí Sìlífátù tó lọ síbi iṣẹ́, á kó gbogbo ẹyin inú ìtẹ́, á pín fún Johnson, á pín fún Joanna, á gbé èyí tó kù lọ fún àwọn arúgbó rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn adìẹ fi ìtẹ́ sílẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn Joanna ni wọ́n ń lọ yé sí.

"Ẹ̀yin lẹ ń kó gbogbo rẹ̀," ni Hameedah wí. "Ẹ máa fi ọ̀kan sílẹ̀. Tí adìẹ bá dé tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, á wá ibòmíràn lọ. Ìyá àgbà ló kọ́ mi." Ó mú èédú, ó fà á sára ẹyin kan kí wọ́n lè máa dá a mọ̀, ó gbé e padà sínú ìtẹ́.

Sìlífátù mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun náà fa èédú sára ẹyin rí nínú àgbàlá kan náà ní Ìtọ̀kú, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyá wí lọ́jọ́ tí mò ń lọ," ló sọ. "Ìwọ ni mo fi sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìyá sọ fún mi."

Hameedah ń nu ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọ̀kan, ó nu èkejì.

"Ṣùgbọ́n ẹyin tí a bá fi sílẹ̀ máa ń bàjẹ́, Mọ́mì. Jímọ̀-Jímọ̀ ni Ìyá máa ń wá mú un, á fi tuntun síbẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

"Dárí jì mí," ni Sìlífátù wí.

"Ó dáa, Mọ́mì."

Ohun tó máa ń sọ lórí fóònù náà ni. Ó dun Sìlífátù ju kí ọmọ náà bú u lọ.

Nígbà tí oṣù Kẹwàá ń sún mọ́lé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Hameedah ní ilé Ìyá kò gbọdọ̀ ṣófo, ọ̀dọ̀ aládùúgbò sì ni àwọn adìẹ Ìyá wà. Ó lo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má gbàgbé ẹyin yẹn o."

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, Sìlífátù mú ẹyin tó ní èédú lára, ó fi tuntun síbẹ̀. Ó ṣe é ní Jímọ̀ kejì. Ní Jímọ̀ kẹta, ó pẹ́ níwájú ilé adìẹ náà pẹ̀lú ẹyin àtijọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá náà ráhùn. Sìlífátù ní kó máa ráhùn.

Ó mú Joanna lọ sẹ́yìnkùlé, ó kó èédú lé e lọ́wọ́.

"Ṣé gbogbo ẹyin ni kí n máa kó?" ni Joanna béèrè.

"Fi ọ̀kan sílẹ̀. Tó bá di Jímọ̀, mú un, kí o fi tuntun síbẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó pe Abẹ́òkúta. Hameedah gbé fóònù, àwọn adìẹ ń ké lẹ́yìn ohùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ké.

"Mò ń bọ̀," ni Sìlífátù wí.

"Ó dáa, Mọ́mì."

"Hameedah, ọjọ́ Àìkú. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Àwọn adìẹ ṣì ń ké.

"Aago mélòó ni bàálù máa balẹ̀?" ni ọmọ náà béèrè.