Verlene àti Igi Magnólíà Ìyá Rẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Verlene Gathings fi se oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé, síbẹ̀ kò jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn rí. Bí ìjọ wa bá ń ṣe àjọ̀dún, tí gbogbo wa ń jẹ adìẹ díndín lábẹ́ igi, Verlene á ṣí abọ́ tó gbé wá láti ilé, á máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àbúrò mi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ojú ọ̀nà kan náà la jọ ń gbé níhìn-ín ní Mississippi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ìfura rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, á gbá àgbàlá rẹ̀ títí koríko kan kò ní kù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ilẹ̀ tí a bá gbá kì í purọ́: ẹni tó bá yọ́ wọlé, ipasẹ̀ rẹ̀ á wà níbẹ̀ láàárọ̀.

Igi magnólíà tí ìyá náà gbìn ló ń ṣọ́. Òdòdó rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn, Verlene kò kà á sí. Èso ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó já ẹyọ kan, ó ní kí n wò ó. Mo ní kí ni mo fẹ́ wò lára ohun tó rí ṣákaṣàka bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé e sún mọ́ mi lójú. Irun múlọ́múlọ́ ló bò ó lára bí etí ọmọ tuntun, apá tí oòrùn kàn ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Yàrá kéékèèké ló kún ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ètè tirẹ̀. Níbi tí ètè kan ti là, hóró pupa kan yọjú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Òmíràn ti jáde tán, kò sì já bọ́. Òwú funfun kan tó tín-ín-rín ló fi rọ̀, atẹ́gùn ń fì í. Abẹ́ igi yẹn ni mo dàgbà sí o, n kò sì rí i rí. Ojú tì mí.

Ìyá wọn kò kọ ìwé ìhágún kó tó kú, nítorí náà Verlene àti Idella àbúrò rẹ̀ ló jọ ni ilẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá ta ìpín tirẹ̀, kóòtù lè ní kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀, àti ilé, àti igi. Wọ́n ti gba ilẹ̀ bàbá wọn àgbà rí, nítorí ìwé kan tí bàbá náà kò lè kà tó sì fi àmì sí. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Òfin tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ni pé ìwé tí ẹnikẹ́ni bá gbé wọ àgbàlá, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Idella ti lé ní ogún ọdún ní Detroit. Verlene ní ó dá òun lójú pé ó ń wá ẹni tó máa ta tirẹ̀ fún. Bí Idella bá fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́, ó dìgbà tí Verlene bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò kó tó ya á.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ó rí ipasẹ̀ lábẹ́ igi. Àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra. Ó wá bá mi, ó ní àwọn onígẹdú tó ń ra ilẹ̀ kiri ti ń wọn ilẹ̀ òun. Mo ní bóyá ẹranko ni.

“Sístà Arneatha, ẹranko wo ló ń wọ bàtà?”

Èmi mọ ẹni tó ni bàtà. Idella wà ní yàrá ẹ̀yìn mi láti ọjọ́ mẹ́rin. Ìtọ̀ ṣúgà ń mú ojú rẹ̀ lọ, ó sì ti dé inú ọkàn. Ó fẹ́ rí èso magnólíà kí ojú náà tó fọ́ tán, àmọ́ kò ní ìgboyà láti kan ilẹ̀kùn. Ó mú mi búra pé n kò ní sọ.

Àárọ̀ kẹrin, èmi ni mo di apá rẹ̀ mú lọ. Ó gbé èso kan lé ojú débi pé hóró pupa náà ń kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ni Verlene bá jáde sí wa.

“Mélòó ni wọ́n fún ẹ?”

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá àbúrò rẹ̀ sọ nìyẹn lẹ́yìn ogún ọdún. Idella yọ àpòòwé kan nínú báàgì.

“Sístà, ìpín tèmi rèé. Mo ti fi fún yín. Ẹ ṣáà gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Verlene kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ lo oògùn. “Ìwé tó dáa kì í yọ́ wọlé ní ìdájí,” ló wí. Mo ní kó gbà á kó kà á. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí i.” Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ipasẹ̀ wa nù níbi tí a dúró sí gan-an.

Nínú ilé ìdáná mi, Idella sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá kú, kí Verlene má tẹsẹ̀ bọ ibi ìsìnkú òun. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ ní ọjọ́ Àìkú, ó sì kú nínú oṣù Kejìlá. Lamont ọmọ rẹ̀, tí kò mọ ọ̀nà ibí rí, ta ìpín ìyá rẹ̀ fún onígẹdú kí oṣù tuntun tó parí. Kóòtù sì pàṣẹ pé kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó Lamont ló fi Bíbélì Idella ránṣẹ́ sí mi. Àpòòwé náà wà nínú rẹ̀. Mo sáré gbé e lọ sí kóòtù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kà á, ó mi orí. Ó ní ká ní Verlene ti gbà á lọ́wọ́ Idella nígbà tó wà láyé, tó sì gbé e wá, kò sẹ́ni tí ì bá lè fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Inú bí mi sí ara mi. Kí ló dé tí n kò já a gbà lọ́jọ́ náà?

Mo gbé e lọ bá Verlene lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ó ní ọjọ́ wo ló fọwọ́ sí i. Mo ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kó kúrò ní Detroit. Ó gba ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ Idella. Lẹ́tà rẹ̀ ti ṣáko lọ kúrò lórí ìlà, torí kò rí ìlà mọ́ nígbà tó kọ ọ́.

Ó gbójú sókè.

“Ṣé ó bínú sí mi kó tó lọ?”

Mo ní rárá.

Kò gbà mí gbọ́.