Ẹni Tó Gbé Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Pọ̀n

"Ẹ panu mọ́, bíríkìlà ti dé!"

Bí ìyá àgbà tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti sọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, ariwo máṣíìnì á dákẹ́, òórùn òróró tó fi ń pa á lára nìkan ló máa kù nínú yàrá. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nìkan ló wà ládùúgbò.

Eré aláwàdà méjì la máa ń wò nírọ̀lẹ́. Nínú ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bíríkìlà kan àti dẹrẹ́bà kan ló jọ ń gbé yàrá kan, èébú ni wọ́n fi ń jí ara wọn. Obìnrin oníṣòwò méjì ló wà nínú ti Jímọ́ọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi àtàtà" kì í kúrò lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá rí ibi tí ọjà ti pọ̀, kò ní sọ fún èkejì. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé kékeré kan: ta ló sọ kí ni, ta ló dé fìlà wo. Èyí tí mo bá gbàgbé, ìyá àgbà ni mo máa ń bi. Kò ṣì í rí.

"Ẹnu làwọn ti Jímọ́ọ̀ yìí fi ń ṣọ̀rẹ́," ló máa ń wí. "Nígbà tí àìsàn gbé dẹrẹ́bà dè, ta ló pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù? Bíríkìlà ni! Ó sì ń bú u lọ pé ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń ta ọṣẹ dúdú ní òdìkejì ọ̀nà, ni ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí wo eré. Àfi lọ́jọ́ kan tó sọ níwájú àwọn oníbàárà pé apá bùbá tí ọ̀rẹ́ òun rán há jù, pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọn ò kí ara wọn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò kúkú lè pa eré jẹ, ẹ̀yìn fèrèsé ló ti ń wò ó, ó káwọ́ gbera. Bí eré bá pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, ìyá àgbà á kàn yíjú sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní Ìṣẹ́gun kan, bí eré ti parí, ó gbóhùn sókè:

"Ọ̀rẹ́ gidi ni dẹrẹ́bà yẹn o. Òun ló pọn bíríkìlà lọ sí ọsibítù!"

Mo ti ṣí ìwé mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó fẹsẹ̀ tẹ tèmi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Irọ́ o!" Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti ki orí bọ fèrèsé. "Ìyá Télọ̀, o ti di arúgbó! Dẹrẹ́bà tí kò lè gbé àpótí ara rẹ̀?"

"Dẹrẹ́bà ni."

"Mo ní bíríkìlà ni!"

"Ṣé ẹ̀yìn fèrèsé lo ti fẹ́ máa bá mi jà ni? Wọlé wá jà dáadáa."

Ó wọlé. Wọ́n jiyàn títí ìròyìn fi parí, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ bùbá.

Títí dòní, mo ṣì máa ń rántí ẹni tó ṣe kí ni nínú eré, n kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ mi bá bínú sí mi, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mà á wá ohun kan tó dá mi lójú pé kò rí bẹ́ẹ̀, mà á sọ ọ́ létí rẹ̀, mà á wá dákẹ́, kó lè já mi nírọ́.