Ìgò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tú inú obìnrin kan tí kò sí láyé wò. Inú ìwé ìtàn àròsọ kan ló wà, ìwé Yorùbá tí kò gbajúmọ̀, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Òun ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ dìgírì kejì mi. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà yẹn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Òkè-Ogbó láàárọ̀, mo ń sáré lọ sí yunifásítì lọ́sàn-án, ara mi kì í sì í gba ìranù. Ẹni tó bá bi mí pé kí ni mo tún ń fi dìgírì kejì ṣe lọ́jọ́ orí mi, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu mi, kó fara mọ́ ọn.

Obìnrin inú ìwé náà bí ọmọbìnrin kan, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Òǹkọ̀wé ò sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà o. Ó kàn ń jẹ́ ká rí i pé ó ń fọ aṣọ ọmọ, ó ń di irun ọmọ, ṣùgbọ́n kì í wo ojú ọmọ. Lọ́jọ́ kan ó pọnmi tán, kò dé kànga padà, ọmọ já sínú rẹ̀, ọmọ kú. Títí ìwé fi parí, ohun tí obìnrin yìí ń sọ ni pé òun gbàgbé ni. Ibẹ̀ ni àlàyé dókítà ará Austria kan tó ti kú tipẹ́ ti wọlé. Dókítà náà ní kò sí ìgbàgbé tó jẹ́ lásán. Ó ní ohun tí ojú ń tì wá láti fẹ́, a máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkàn, ṣùgbọ́n kì í kú síbẹ̀. Á wá ọ̀nà jáde, bóyá nínú àlá, bóyá nínú àṣìsọ, bóyá nínú nǹkan tí a gbàgbé. Àwọn bàbá wa náà mọ ohun tó jọ ọ́: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dókítà yìí ní alángbá náà gan-an lè má mọ̀ pé inú ń run òun.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mi ò ṣèèṣì mú ìwé yẹn. Ìyá mi ni mo ń wá nínú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá tó bí mi fẹ́ràn mi, mi ò sì lè bi í.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ìyá bàbá mi kú ni wọ́n bí mi, nílé wa ní Ìlàrè. Ẹnu gbogbo ilé sì kò lórí rẹ̀: ìyá àgbà ló padà wá. Bàbá mi ń pè mí ní "Ìyá mi" títí ó fi kú. Ìyá mi ò gbọdọ̀ dárúkọ mi, nítorí pé orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fún mi, ìyàwó kì í sì í dárúkọ ìyá ọkọ. "Ìyá ọkọ mi" ló ń pè mí. Àwọn ìyàwó ilé mìíràn náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ṣeré ni. Wọ́n á pe ọmọ ní Ìyá láàárọ̀, wọ́n á fọ́ ọ létí lọ́sàn-án. Ti ìyá tèmi kì í ṣe eré. "Ẹ wá jẹun." "Ẹ wọ bàtà yín." Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí, ìyá mi ń kí mi pé ẹ káàárọ̀.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ọdún mẹ́fà tí kò fi rí oyún, obìnrin yẹn ń pè é ní àgàn níwájú àlejò, ó ń da ọbẹ̀ rẹ̀ nù, ó ń wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tó kú, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú ìyá mi. Ó sin ín, ó sinmi. Ó bímọ tán, wọ́n ní ẹni tó sin náà ló tún bí, wọ́n sì ní kó fún un lọ́mú.

Ó máa ń na àbúrò mi. Á nà án bí ẹni lu bàrà, á tún gbé e pọ̀n, á máa kọrin fún un. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi ò rí òsì, mi ò sì rí ọ̀tún. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun burúkú kó lè nà mí. Lọ́jọ́ kan mo fọ́ abọ́ tánganran rẹ̀ mẹ́ta lójú ara rẹ̀. Ó gbálẹ̀ ibẹ̀, ó ní, "Ẹ rọra o, kó má baà gún yín lẹ́sẹ̀." Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi ṣe fẹ̀yìn tì. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀ tó o. Ní ẹ̀ka wa, Yorùbá la fi ń kọ irú iṣẹ́ yìí, bí àmì bá sì ti ń ṣì, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi á ju gbogbo rẹ̀ padà sí mi. Nítorí náà, bí mo bá ti kọ orí kan tán, màá gbé e lọ fún ìyá mi ní Ìlàrè, á fi bírò pupa tún un ṣe. Ká ní mo mọ̀ ni, Gẹ̀ẹ́sì ni ǹ bá fi kọ ọ́. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, dókítà ọsibítù ní ọkàn rẹ̀ ló ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí àga ní pálọ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí.

Kó tó gbà láti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, ó gba ìwé ìtàn yẹn lọ́wọ́ mi, ó kọ́kọ́ kà á. Ó ní òun kì í máàkì ohun tí òun ò mọ orí rẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà ará Austria náà fún òun pẹ̀lú. Mo ní dókítà sọ pé ẹni mẹ́ta ló ń gbé inú èèyàn: ọ̀kan dà bí ọmọdé, kò mọ̀ ju kó ṣáà fẹ́ nǹkan lọ, ọ̀kan jẹ́ adájọ́, kò mọ̀ ju kó dáni lẹ́bi lọ, ọ̀kan wà láàárín wọn, ó ń parí ìjà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹni àárín yẹn, ìyàwó ilé ni."

Orí kẹrin ni mo ti dá obìnrin inú ìwé lẹ́bi. Mo kọ ọ́ pé ti kànga kọ́ ni ìgbàgbé rẹ̀ àkọ́kọ́. Pé ṣáájú ìgbà náà, ó ti gbàgbé kẹrosíìnì tó rọ sínú ìgò mínírà sábẹ́ tábìlì, ọmọ rò pé mínírà ni, ó sì mu ún. Mo ní ìgbàgbé ẹ̀ẹ̀mejì kò lè jẹ́ èèṣì. Mo ní ìsàlẹ̀ ọkàn obìnrin náà ló ń wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi kú, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní kàn án. Odidi ojú-ìwé méjì ni mo fi rojọ́ ìgò yẹn. Ọ̀gá mi kà á, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó dára gan-an.

Mo gbé e fún ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo yà ra ọsàn fún un ní Ẹnuwá, mo lọ gba iṣẹ́ mi. Bírò pupa wà ní gbogbo ojú-ìwé, bó ṣe máa ń wà, títí mo fi dé ibi ọ̀rọ̀ ìgò. Láti ibẹ̀ lọ, kò tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ìlà kan péré ló kọ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé ojú pátákó rẹ̀ yẹn: "Kò sí ìgò nínú ìwé yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Màámi, ó wà níbẹ̀," mo ní.

Ó na ìwé náà sí mi. Ìdúró ni mo wà tí mo fi ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kànga wà níbẹ̀, garawa wà níbẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ìgò. Èmi ni mo ni ìgò yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí mo mu kẹrosíìnì ní ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá mi ti fi ìtàn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ó fi gbó: bí ìyá mi ṣe gbàgbé ìgò sábẹ́ tábìlì, bó ṣe pọ̀n mí, tó sáré dé ọsibítù láìwọ bàtà. Bí mo ṣe ń kọ orí kẹrin, ọwọ́ mi ti kó o wọ inú ìwé olówó ìwé, mi ò sì fura. Èmi tí mo ń ṣọ́ ohun tó ń yọ́ jáde lọ́kàn ẹlòmíràn.

"Ẹ má bínú, màámi. Mo pa ìwé pọ̀ mọ́ ilé wa ni. Èèṣì ni."

Ó wò mí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sí èèṣì."

Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé.

"Ohun tí ẹ kọ kò tọ̀nà," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ pé ó gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mú ìgò. Mo rí yín nígbà tí ẹ yọ bébà tí mo fi dí i lẹ́nu. Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi ò ṣí. Ojú ìyá àgbà ni mo rí lójú yín, bó ṣe máa ń wò tó bá fẹ́ da ọbẹ̀ mi nù. Mo sọ nínú mi pé, kó tún máa lọ."

Mo da bébà orí kẹrin dojú délẹ̀ lórí itan mi.

"Ìgbà tí ikọ́ gbé yín, tí ẹ na ọwọ́ sí mi, ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ọmọ tèmi. Mo gbé yín, mo sáré. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kàn yín mọ́ bí kò bá pọn dandan. Ẹ rò pé ìyá ọkọ mi ni mo ń bẹ̀rù. Ọwọ́ ara mi ni mo ń bẹ̀rù. Mo ní bí mo bá nà yín lẹ́ẹ̀kan, kò ní mọ ibi tó ti yẹ kó dúró."

Ohun tí mo ti ń wá láti kékeré nìyẹn, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ó yẹ kí n di ọwọ́ yẹn mú, kí n gbé e lé ara mi lórí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Báwo lẹ ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó dìde?"

"Títí ẹ fi gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì," ó ní.

Mo wolẹ̀, mo rí i pé bírò ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bébà orí kẹrin. "Ẹnu mi ò ṣí." "Kó tún máa lọ." Mo ti fa ìlà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Ìyá mi ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń kọ̀wé. Kò bínú. Ó fara balẹ̀ bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ń da nǹkan kọ láti ojú pátákó.

"Ṣé yóò wúlò fún yín?" ó béèrè.

"Yóò wúlò, mà," mo ní.

Ó mi orí. Ó fi ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n tètè máa lọ, òjò ti ṣú. Mo lọ. Mo yọ ìgò kúrò nínú orí kẹrin. Mo gbé orí karùn-ún wá fún un, ó tún un ṣe láìku àmì kan, a ò sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lọ́sẹ̀ keje lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ yẹn, àbúrò mi pè mí ní ilé ìwé pé kí n máa bọ̀. Wọ́n ti tẹ́ màámi nígbà tí mo dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà náà, ó ti tutù.