Orin Ewúrẹ́ Tó Mú Mi Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ẹsẹ̀ ara mi fi ojú mi rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi.

Káfíńtà ni mí ní Ìlá níhìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá di ayùn mú, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí mo bá gbé ọwọ́ náà lé itan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ọwọ́ tó ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó wá ń ṣiṣẹ́ lásìkò ìsinmi?

Àwọn ará àdúgbò mọ ohun tó fà á kí èmi tó mọ̀. Wọ́n ní igi ìrókò kan tí mo là ló ń bá mi jà. Ìrókò wo? Èyí tí mo fi ṣe ilẹ̀kùn ilé wọn ni o, wọn ò sì dá ilẹ̀kùn padà!

Mo wọ lọ́rì lọ sí ọsibítù mísọ́n kan tó jìnnà. Dókítà ní Pákínsìn ni wọ́n ń pè é, inú ọpọlọ ló ti wá, kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Oògùn ńkọ́? Ó ní èyí tó lè wò ó sàn kò tíì sí. Mo bá lọ́rì padà wálé.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ọwọ́. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi ìṣó kàn. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró báyìí, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́ tó sá, ó ń fi orin ọmọdé lé e: "Ìdí ewúrẹ́ ń mì, ẹ jẹ́ ó máa mì!" Ewúrẹ́ gbẹ́sẹ̀, èmi náà gbẹ́sẹ̀. A dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ṣiṣẹ́. A dán orin ìsìn wò, nítorí Kristẹni ni wá. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìgbéyàwó Morẹ́nikẹ́, àkọ́bí wa, wá dé. Tíṣà kan láti Òkè-Ìlá ló fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ọkọ ti ránṣẹ́ wádìí bóyá àrùn wà nídìílé wa. Àwọn kan ní kí àbúrò mi mú ọmọ wọlé dípò mi. Mo ní ó tì o.

A dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi bá lẹ̀. Dùùrù ń dún, gbogbo ojú yí sí mi. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ láàárín àwọn àna pé baba ìyàwó ló ń kọ ìgbéyàwó náà. Morẹ́nikẹ́ fún mi lọ́wọ́ pinpin. Mo wo Àbẹ̀kẹ́ láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Ó mirí pé rárá. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó bá dìde, ó tún gèlè ṣe, ó gbé orin náà: "Ìdí ewúrẹ́ ń mì..."

Ẹsẹ̀ mi gbéra! Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, àwọn ọmọdé ti ń gbè é, ẹni tó ń tẹ dùùrù sì ti bá wa wá ohùn rẹ̀. Pásítọ̀ kàn ń ṣí ìwé orin, bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá ọkọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ó wò yíká, ó wá rọra sọ pé, "Àna mi, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi lórin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n bíi tiyín. Ó di ọdún kẹta tí a ti fi wọ́n pamọ́ sí yàrá, kí àlejò má baà rí wọn."

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní a ó wá.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ìlá. Orin ewúrẹ́ kò ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n àna mi rárá, wọ́n ní ọmọdé ló ni ín. Orin àwọn tó ń kọ ebè ló gbé wọn jáde. Wọ́n jókòó sínú oòrùn, wọ́n ń bú àbúrò wọn títí a fi jẹun tán.

Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ pé àìsàn tí kò lóògùn, a lè wá ọ̀nà bá a rìn. Ẹni tí a tì mọ́lé ni kò lè rìn. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ sọ tiyín fún wa: ta ló wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé yín?