Orúnkún Mi àti ti Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ní ọjọ́ tí àṣírí orúnkún mi tú, Ìtórí la wà, nílé àwọn ẹbí ọkọ mi. A lọ kí àbúrò bàbá ọkọ mi, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí wọn báyìí, nítorí àìsàn ti dá bàbá náà dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Ọlọ́run sì ti gbé wọn dìde. Bí mo ṣe wọ pálọ̀, mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé.

"Ẹ kú ewu o, bàbá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Bàbá ní kí n dìde. Mo fẹ́ dìde lóòótọ́. Orúnkún mi ló kọ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n po sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀ ní Ewékorò, tí ó sì ti gbẹ kí n tó dé Ìtórí.

"Dìde, ìyàwó wa, o ṣeun," bàbá tún wí.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì wà níbi tí mo wà.

Bàbá rò pé ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ lára mi tó bẹ́ẹ̀. Orí wọn wú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Wọ́n ṣe é fún ọkọ mi, wọ́n ṣe é fún àwọn ọmọ mi, wọ́n sì bọ́ sí ti àwọn ọmọ-ọmọ tí n kò tíì ní. Bí mo ṣe ń ṣe àmín tí n kò dìde ni àdúrà ń gùn sí i, nítorí bàbá rò pé mo ṣì ń retí èyí tó kù. Àwọn ìyàwó kékeré ilé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀ ń wò ó? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ orúnkún fírí bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ lẹ́sẹ̀!" Ojú tí àwọn ìyàwó náà fi wò mí, kì í ṣe ojú ìfẹ́.

Àlájà ló gbà mí sílẹ̀. Àlájà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wọn. Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Àlájà fẹ́ oníṣòwò mùsùlùmí kan láàárín ìgboro Abẹ́òkúta, wọ́n bá a lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ṣòwò aṣọ pẹ̀lú rẹ̀ títí tí ọkùnrin náà fi ṣaláìsí. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n wo orúnkún mi, wọ́n sì mọ̀. Lójijì ni wọ́n kígbe pé, "Ìyàwó mi àtàtà!" Wọ́n dì mọ́ mi bí ẹni tí ayọ̀ fẹ́ pa, wọ́n sì fi ìdìmọ́ra yẹn fà mí sókè bí ìgbà tí wọ́n ń fa iṣu láti inú ebè. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀. Má ké."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún wa.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ mi ló ń wakọ̀, èmi àti Àlájà jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń fi eruku bò wá lójú títì. Àlájà kò wo eruku, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kí ni, mà?"

"Má sọ mí di òmùgọ̀. Orúnkún ẹ."

Mo ní ó ti ń ṣe mí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, pé mo rò pé àárẹ̀ lásán ni. Àlájà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ ọ̀rá kékeré kan tí ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní èmi nìkan kọ́, pé orúnkún tàwọn gan-an ti kú tipẹ́, ìyẹ̀fun yìí ló jí i dìde. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti rà á.

"Ṣíbí kékeré kan nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá ti máa fò."

Ọkọ mi wo ẹ̀yìn láti inú dígí. "Àlájà, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Egbò igi."

"Egbò igi wo?"

"Ìwọ wakọ̀ ẹ."

Kí n má purọ́, ó wù mí. Ta ni kò ní fẹ́ fò? Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò gbà. Ó ní dókítà ni yóò kọ́kọ́ rí orúnkún ìyàwó òun. Àlájà ní kò burú, pé àwọn yóò sìn mí lọ, kí dókítà má baà dẹ́rù bà mí. N kò mọ̀ pé nítorí kí n má baà sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun ni wọ́n ṣe fẹ́ tẹ̀ lé mi.

Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin tínínrín kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó tẹ orúnkún mi, ó ká a, ó nà án, ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán egungun mi, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní àrùn oríkèé ni. Ohun rírọ̀ tó máa ń wà láàárín egungun kí wọ́n má baà máa ha ara wọn ló ti ń gbó, ibẹ̀ sì ń wú nítorí rẹ̀. Kò ní òun lè sọ ọ́ di tuntun. Ó ní a lè máa tọ́jú rẹ̀ kí ó má dí mi lọ́wọ́ ayé mi.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn, mà?"

Mo la ẹnu. Àlájà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kò lo nǹkan kan," ni wọ́n bá mi dáhùn.

Dókítà yí ojú sí Àlájà. Ó wò wọ́n pẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan ni ojú Àlájà ti kún rúmúrúmú, ọrùn wọn ti ki, gbogbo àdúgbò sì ń kí wọn pé ìgbádùn ti wọ̀ wọ́n lára.

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi? Ìyàwó mi ni mo sìn wá."

"Irú ìyẹ̀fun wo lẹ ń lò?"

Ojú Àlájà kò ṣẹ́. "Pọ́ńdà ìpara ni."

"Ẹ ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ ni, àbí mọ́ omi?"

Ẹ̀rín tó bú mọ́ mi lẹ́nu kò jẹ́ kí Àlájà rí ibi kankan sá sí. Wọ́n fi ojú pa mí, wọ́n sì gbé ọwọ́ sílẹ̀ fún dókítà kí ó yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó ga. Ó béèrè bóyá inú máa ń ta wọ́n. Wọ́n ní ata ni. Dókítà kò bá wọn jà. Ó ní ọ̀pọ̀ irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, oògùn òyìnbó tó le ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Ó máa ń pa ìrora kíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wú ojú, ó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń dá egbò sí ikùn.

"Ó ti tán. N ó dà á nù lónìí," ni Àlájà wí.

"Ẹ má dá a dúró lójijì o, Màmá. Ara yín ti gbára lé e. A ó fi èyí tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a ṣe nílé."

Aláìsàn kan ló wọlé lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà. Méjì ló jáde.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn. Dókítà ní kí a dín ìwọ̀n ara wa kù, nítorí gbogbo ohun tí a bá gbé sí ikùn, orúnkún ni yóò rù ú. Kí a dín oúnjẹ dídín kù, kí a fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ nínú oúnjẹ wa. Àlájà béèrè láfún pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń béèrè ọmọ tó sọnù. Dókítà ní òun kò gba láfún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí ó má ju ìkúùkù lọ.

Kò pẹ́ tí Àlájà pè wá wá jẹun. Láfún tó wà níwájú wọn ga ju ọbẹ̀ lọ.

"Àlájà, ìkúùkù ni dókítà wí."

"Ìkúùkù náà nìyẹn. Mo ní kí fọganáísà iwájú ilé wá di ìkúùkù tirẹ̀ kí n rí i."

Ọkọ mi kò lè jẹun mọ́. Ó fi orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àlájà bu díẹ̀ kúrò, wọ́n tún bu díẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì ṣépè fún orúnkún.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ èèyàn bí iṣan àti oríkèé ṣe ń padà bọ̀ sípò. Físíò ni gbogbo wọn ń pè é. Ó kọ́ wa bí a ṣe máa jókòó sórí àga, kí a na ẹsẹ̀ síwájú, kí a dì í mú síbẹ̀, kí a sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí iṣan itan lè bá orúnkún gbé ẹrù. Ó tún ní kí a máa rìn láàárọ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ títẹ́jú.

"Ní Abẹ́òkúta?" ni Àlájà bi í. "Ọmọ mi, ibo lo ti wá?"

A rí ilẹ̀ títẹ́jú díẹ̀ ní Ìbarà, nítòsí àwọn ọ́fíìsì ìjọba, kò jìnnà sí ilé mi. Kẹ̀kẹ́ ni Àlájà máa ń wọ̀ wá rin ìrìn náà. Ìtara wọn yà mí lẹ́nu. Bí òjò bá ń ṣẹ́, wọ́n á dé. Bí mo bá ní kí a gba apá ọ̀tún, wọ́n á ní rárá, apá òsì ni atẹ́gùn wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ara mi le díẹ̀, mo sì rìn kọjá ibi tí a ti máa ń ṣẹ́rí padà. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà gbé ojú sókè.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àlájà! Ṣé bíi ti àná ni kí n dì?"

Àlájà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí láyé. "Ó ṣi èèyàn mú."

"Háà, Àlájà! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n bu ti ìsàlẹ̀ agbada!"

Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi máa ń ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn yóò dúró gba atẹ́gùn díẹ̀ sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin náà, mo rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń sè sílẹ̀ de Àlájà, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi jìyà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rín. Bí dókítà ṣe ń dín oògùn Àlájà kù ni ìrora tí ìyẹ̀fun ti bò mọ́lẹ̀ ń yọjú. Mo dé ilé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn lórí ibùsùn, wọn kò lè lọ bu omi àlùwàlá. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní kí n bá wọn wá ọkùnrin ẹlẹ́rọ gbohùngbohùn. Mo fi aṣọ tí mo rì sínú omi gbígbóná tẹ orúnkún wọn, mo pe dókítà lórí fóònù, ó sì ní kí a máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó yí oògùn wọn padà díẹ̀. Nígbà náà ni físíò mú ọ̀rọ̀ omi wá. Ó ní bí èèyàn bá wà nínú omi, omi ni yóò bá orúnkún gbé èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Àlájà ṣe dé ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan, físíò sì wá pàdé wa níbẹ̀. Àlájà wọ jàlámíà dúdú tó kanlẹ̀, wọ́n so ìborí mọ́ orí gírígírí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú omi yíjú sí wọn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ omi náà sáré wá.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ wẹ̀? Orúnkún mi ló fẹ́ wọ omi."

A di irin mú, a sọ̀kalẹ̀. Bí omi ṣe dé àyà Àlájà ni atẹ́gùn kó sínú jàlámíà náà, ó sì wú bí agbòòrùn. Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́lẹ̀, ó ń yọ sókè níbòmíràn. "Ìyàwó, dì mí mú! Aṣọ yìí fẹ́ gbé mi lọ sí Èkó!" Mo ń rẹ́rìn-ín débi pé mo mu omi. Físíò dúró létí omi, ó bo ẹnu.

Nígbà tí aṣọ rọlẹ̀, Àlájà gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n gbé èkejì. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró. Mo sún mọ́ wọn.

"Kí ló dé, mà?"

"Kò dùn mí."

Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ náà ga, wọ́n ń wò ó nínú omi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. "Kò dùn mí, ìyàwó." Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ máa rìn, Màmá," ni físíò wí. "Ẹ má dúró o."

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àlájà ti kúrò lórí oògùn lílágbára yẹn pátápátá, ìfúnpá wọn ti rọlẹ̀ pẹ̀lú oògùn tirẹ̀, ojú wọn sì ti padà sí bó ṣe wà. Àwọn aládùúgbò tó ń kí wọn fún ìgbádùn ń ṣàánú wọn báyìí pé wọ́n rù. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó dé, wọ́n á ní ọkọ ni àwọn ń wá. Èmi náà ti fúyẹ́. Orúnkún mi ṣì máa ń le ní òwúrọ̀ tí òjò bá ṣú, ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń lo oògùn ìrora tí dókítà kọ, lẹ́yìn oúnjẹ, ní ìwọ̀n tó wí.

Àwọn obìnrin àdúgbò Àlájà ti ń bá wa lọ sínú omi. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti máa ń to àga sílẹ̀ dè wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni pé omi náà dára fún àwọn arúgbó. Mo ní kó bi Àlájà.

Àlájà ní àwọn kò lè sọ, pé kó dúró dìgbà tí àwọn bá darúgbó.